Àwọn Ọgbà Tí Mo Mú Bàbá Lọ Wò

Dókítà ojú tó ń tọ́jú bàbá mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní kò sí oògùn tó lè dá ojú tó ti lọ padà. Ká kàn máa kán omi tó kọ sílẹ̀ sí i, kí ìwọ̀nba tó kù má baà tètè tán. Bàbá dúpẹ́. Ìgbà tí a jáde ló tó sọ̀rọ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ lọ́jà Adjamé. Mi ò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù àti mọ́ṣáláṣí lọ ní ìlú elédè Faransé yìí. Wọ́n ní àwọn ibi tí igi wà, tó tutù, ń bẹ. Mú mi lọ wò wọ́n."

A kò ní mọ́tò. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Plateau láàárín ìlú, níbi tí gbogbo ọ́fíìsì ti tì pa. Ọgbà kékeré kan wà láàárín àwọn ilé gogoro.

Bàbá gbójú sókè. "Ṣé èso ni gbogbo dúdú dúdú tó so rọ̀ yìí?"

"Àdán ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ilé wa ni, àwọn ì bá ti wá kànnàkànnà. Inú mi dùn pé ó tiẹ̀ rí wọn, mo rò pé bóyá dókítà ṣì í sọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, takisí alájọwọ̀ gbé wa dé ọgbà òdòdó kan ní àdúgbò Riviera. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa òdòdó kan.

"Funfun nìyí, àbí?"

Pupa fòò ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó gbọ́ irọ́ nínú ohùn mi. "Má tàn mí. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ."

Ọ̀sẹ̀ kẹta la lọ sí igbó Banco. Gbaka, ọkọ̀ kékeré tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ló gbé wa. Níbi tí a ti fẹ́ sọ̀, aparanti ọkọ̀ ń pariwo, "Le vieux, vite!" pé kí bàbá arúgbó yára. Bàbá gbẹ́sẹ̀ síbi tí kò sí ilẹ̀. Orúnkún ló fi balẹ̀. Kí n tó gbé e dìde, gbaka ti lọ, bàtà rẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀.

Mo ní ká padà sílé. Ó kọ̀. Ó wọ igbó náà pẹ̀lú bàtà kan.

Lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, ó dúró. "Ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni?"

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Oòrùn ń yọ láàárín ewé, ó ń tàn sí i lójú gan-an.

"Rárá, Bàbá. Ọ̀sán ò tíì pọ́n."

Ó fọwọ́ kan ara igi, ó bi mí pé igi wo ni. Mi ò mọ̀. Mo sáré lọ bi olùṣọ́ igbó. Ó fi Faransé dárúkọ rẹ̀. Bàbá kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, èmi náà kò sì mọ ohun tí Yorùbá ń pè é. Mo kàn ń wí pé ó ga, ó ga, títí ó fi ní kí n jẹ́ ká máa lọ.

Nísinsìnyí, tí mo bá ní ká jáde lọ́jọ́ Àìkú, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa ń jókòó tì í. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.