Ogójì Ìṣẹ́jú Láti Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ìwé pélébé kan wà nínú Bíbélì mi tí mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Yíǹkì pupa ló kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.

Dókítà kò fọ̀rọ̀ bò fún mi. Ó ní bí bàbá mi kò bá máa rìn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ òsì tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà yẹn máa gan pátápátá, wọn ò sì ní lè dìde lórí àga mọ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, bàbá mi kò rìn. Láti yàrá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé balùwẹ̀, ó parí. Bí mo bá ti Òṣogbo dé lọ́jọ́ Sátidé, tí mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀, sà," wọ́n á ní oòrùn ti mú jù. Bí oòrùn ò bá mú, wọ́n á ní òjò ń bọ̀. Mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ rí, èmi àgbàlagbà tí mò ń pàṣẹ fún akọ̀wé méje ní báńkì.

Mo mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀gá àgbà ni wọ́n nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní àdúgbò wa ní Ìwó, agbára káká lẹ fi máa rí ilé tí wọn ò ti kọ́ ẹnì kan ní a, b, d. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ ilé ìwé bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, kíá, kálukú ti wọ kíláàsì. Ojú wá ń tì wọ́n láti máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ lójú àwọn ọmọ yẹn kan náà. Wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ láéláé o, àfi kí wọ́n máa bú oòrùn.

Ọdún náà ni ibi iṣẹ́ rán wa lọ sí Àgbádárìgì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ sí, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ya ọ̀nà sí, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn ibi àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà náà, pé kí àlejò máa fẹsẹ̀ rìn ín fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ń mú un kiri. Mo rìn ín nírọ̀lẹ́. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lára, mo ka nọ́ńbà kan, mo bọ́ sí òmíràn. Ogójì ìṣẹ́jú, mo ti parí. Mo jókòó létí omi, ọkàn mi sì lọ sílé tààrà. Mo ní, àbí kí ló dé tí Ìwó ò ní irú eléyìí?

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi ya fún Ìwó lé wọn lọ́wọ́. Ibi méje ni mo kọ, láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa títí dé kànga míṣọ́ọ̀nù. Nísàlẹ̀, mo fi ìgbéraga kọ ọ́ pé ogójì ìṣẹ́jú ni.

"Àwọn àlejò yunifásítì ni mo fẹ́ fún, sà. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n ní kí n mú bírò pupa wá. Mo ti mọ̀ pé wàhálà dé.

"Nọ́ńbà kẹta ò tọ̀nà. Ìdí máńgòrò lo ní agogo ilé ìwé wà?"

"Ibẹ̀ ni mo bá a, sà."

"Ìwọ bá a níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e débẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì kìíní ló wà tẹ́lẹ̀. Òpó rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀."

Mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀ nípa òpó kankan. "N ò gbà, sà. Kò sí òpó níbẹ̀."

"Kò sí kẹ̀? Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́!" Wọ́n sọ bírò sápò. "Gbé bàtà mi wá."

Bí a ṣe jáde nìyẹn, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, èmi lápá òsì. Ogójì ìṣẹ́jú! Nígbà tí mo kọ ọ́, àfi bí ẹni pé wọn ò bí mi sí Ìwó. Ní Àgbádárìgì, ta ló mọ̀ mí tó máa kí mi? Mẹkáníìkì kan yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ọ́ìlì lára. Ọlọ́kadà kan fi sìgá pamọ́ sẹ́yìn, èéfín ń jáde lẹ́jìká rẹ̀, ó ń ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà!" Ibikíbi tá a bá dé ni wọ́n ti ń gbé àga jáde, bàbá mi á jókòó, wọ́n á béèrè ìyá, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè bóyá onítọ̀hún ti ń kọ̀wé tó ṣeé kà. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ kankan. Gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn sí, bí ọmọ ilé ìwé tí ọ̀gá ká mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan onísìgá.

A rí òpó náà nínú koríko, irin tó ti dípẹtà. Bàbá mi fi ọ̀pá kàn án.

"Kí nìyí?"

"Òpó ni, sà."

"N ò gbọ́."

"Òpó ni, sà!" Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá a fi máa kúrò ní kànga, ọ̀sán ti pọ́n gan-an. Mo ní kí n pe kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sílé.

"Ó ku ọ̀kan," ni bàbá mi wí.

"Méje ni mo kọ, sà. A ti parí ẹ̀."

"Mo ní ó ku ọ̀kan."

Wọ́n yà sí iwájú dìsípẹ́ńsárì àtijọ́, ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí láyé ìgbà yẹn, èyí tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé rẹ̀. Igi dóńgóyárò kan wà níbẹ̀. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì sáré gbé àga wá, ó ń kúnlẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Bàbá mi mi orí pé rárá. Wọ́n ní kí n tẹ̀ba, wọ́n tẹ́ ìwé náà sí mi lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan. Mò ń gbọ́ ẹnu bírò lára mi. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé e fún mi pé kí n kà á sókè.

"Nọ́ńbà kẹjọ," ni mo kà. "Ibí ni mo dúró sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹni tó kọ ìwé yìí."

Ibẹ̀ ló parí sí. Mo rọra ṣẹ́ ìwé náà po, mo dì í mú.

"Ẹ jókòó, sà," ni mo sọ. "Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n."

"N ò jókòó lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ọ̀pá wọn ti ara igi. "N ò ní jókòó lónìí."

Wọ́n dúró. Mo dúró tì wọ́n. Obìnrin náà gbé àga rẹ̀ dání, òun náà dúró.