Ẹyin Awó Abẹ́ Páànù

Òórùn páànù gbígbóná tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo fi ń rántí ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá ti gbé Mushin rí, ìwọ náà mọ òórùn ọ̀hún. Ó dà bí irin, ó dà bí eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ sì tún wà nínú tiwa. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá ìyàwó mi ni mò ń sọ. Ilé ẹbí ni, ó ti pẹ́, yàrá tó kángun sẹ́yìn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé títí ó fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ n kò kó jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí tèmi, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé lọ́jọ́ kan pé ilé àna ni mo wà.

Àwọn awó ìyàwó mi ló kù sí mi lọ́wọ́. Wọ́n máa ń jẹ̀ káàkiri, láti ẹ̀yìnkùlé wa dé inú koríko ilé kan tí wọn kò kọ́ parí lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Káfíńtà ni mí, èmi ni mo kan ilé wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀. Awó kì í ṣe adìyẹ. Adìyẹ á yé sínú apẹ̀rẹ̀ tí o bá gbé fún un. Awó á wábi tí ojú rẹ kò tó, gbogbo abo á sì jọ máa yé sójú kan náà. Nítorí èyí, nígbà òjò tí wọ́n bá ń yé, ìyàwó mi kì í ṣílẹ̀kùn fún wọn títí a ó fi kírun Àyílà ọ̀sán tán. Kó tó dìgbà yẹn, èyí tó fẹ́ yé ti yé sórí koríko gbígbẹ tó tẹ́ sí igun fún wọn. Kì í fọwọ́ kan ìtẹ́ náà. Síbí igi gígùn kan ló fi ń kó ẹyin, kì í sì í kó o tán. Á fi díẹ̀ sílẹ̀, á fi èédú sàmì sí i, kó lè mọ ti àtẹ̀yìnwá yàtọ̀ sí tuntun.

"Bí ẹ bá kó o tán pẹ́nrẹ́n," ó sọ fún mi nígbà kan, "wọ́n á mọ̀ pé olè ti wọlé. Wọn ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Mo gbà nígbà náà pé òun nìkan ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí kò sí mọ́, ìṣòro ìlẹ̀kùn dé. Ìpọ̀nrí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àárọ̀ kùtù ni mo sì máa ń jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló máa ń wà nílé, nítorí iwájú ilé ló ti ń ta ọṣẹ àti kànìnkàn. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi ṣílẹ̀kùn fún àwọn awó lẹ́yìn Àyílà. Kó má ṣáà ṣáájú ìgbà yẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Awó ta ni?"

"Ti ìyàwó mi."

"Ti àbúrò mi lẹ fẹ́ sọ."

Ó gbà láti máa ṣí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, koríko gbígbẹ lásán ni mò ń bá nínú ìtẹ́. Mo fi àgbàdo kún oúnjẹ wọn. Mo lọ ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Wọ́n ń sanra, wọ́n ń ké kíkankíkan, ẹyin kan kò jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í sọ ọ́ sí mi lójú, àwọn tó wá ra ọṣẹ ló ń sọ ọ́ fún, kí n lè gbọ́.

"Igi ni kó lọ máa rẹ́! Ta ló ní kó máa sin ẹyẹ?"

Àdúà ọdún kan ìyàwó mi ń bọ̀, àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ àgbà ẹbí, ló sì máa wá jókòó lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní òun máa ní kí bàbá náà gba awó lọ́wọ́ mi fún òun. "Bó bá sì ti gbà á, kí ló tún kù tó ń ṣe nínú ilé wa?" Mo gbọ́. Ó yé mi pé bí awó bá lọ, yàrá tí mo ti bá ìyàwó mi gbé máa tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kan òjò lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo délé kí wọ́n tó pe ìrun Àyílà. Ìlẹ̀kùn ilé awó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ awó wà lẹ́yìn yàrá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, nídìí àwọn páànù àtijọ́ tí wọ́n tú lórí ilé, ó na ọrùn sókè bíi ṣọ́jà. Abo kan yọ jáde lábẹ́ páànù, ó gbọn ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo lọ gbé etí páànù náà sókè.

Ẹyin kún ibẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n le, wọ́n ní àmì tóótòòtó lára bíi ti ojú ẹni tó ní àpá ṣàṣà. Síbí igi kan wà tí wọ́n tì bọ ẹ̀gbẹ́ páànù. Mẹ́ta nínú ẹyin náà sì ní àmì èédú roboto lára. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí wọ́n lè wá yé sẹ́yìn yàrá tirẹ̀, ó sì ń sọ fún ayé pé wọn kò yé. Inú bí mi. Ẹyin tó kó kọ́ ló dùn mí jù, èédú yẹn ni. Mo rò pé ṣe ló ń yọjú wo ìyàwó mi nígbà ayé rẹ̀, tó wá jí ọgbọ́n rẹ̀ lò. Mo fi síbí gbé ẹyin tuntun kan jáde, mo fi aṣọ ìnujú dì í mú, mo yọ pẹ́ńsù tí mo fi há etí, mo fa ìlà sí i lára kí n lè dá a mọ̀. Mo dá a padà, mo bo páànù.

Lọ́jọ́ àdúà, bí àwọn ààfáà ṣe lọ tán ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

"Bàbá, awó yẹn ò yé ẹyọ kan látìgbà tí àbúrò mi ti lọ. Ọkùnrin yìí ò mọ ẹyẹ tọ́jú. Ẹ gbà wọ́n fún mi, kóun náà wá ilé tiẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé, òun ń kan ilé awó!"

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dé ẹ̀yìnkùlé," ni gbogbo ohun tí mo sọ.

Akọ awó fariwo bọnu bó ṣe rí wa. Mo gbé páànù. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹyin títí, ó wá wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

"Ìwọ lo fi èédú sàmì yìí. Bí ìyá yín ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyí."

N kò gbọ́ ìyẹn rí. Obìnrin náà kò tilẹ̀ tijú. Èmi ló kọjú sí.

"Èmi ni! Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi, kó tó mọ ìró ró dáadáa. Ìwọ, ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò yé."

"Wọn ò yé fún ẹ!"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Awó á wà nínú ilé tí ọkọ àbúrò ẹ kàn fún wọn. Òun náà á wà nínú yàrá ẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pòṣé, ó sì rọra sọ ọ́ sí mi létí bó ṣe ń kọjá. "Máa wò ó. Ọwọ́ mi báyìí ni màá fi kó o, mi ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Èmi àti òun la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kó o tán, awó máa sá fún ibẹ̀, wọ́n á kọjá fẹ́ǹsì lọ yé síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kó o jẹ, a ò sì ní rí ọmọ kankan lọ́dún náà. Àwọn awó tó wà sì ti ń dàgbà. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó lọ ra ọjà, mo lọ gbé páànù.

Ó ti kó àwọn tuntun. Mẹ́ta tó ní àmì èédú wà níbẹ̀. Èyí tí mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti nu síbí igi, ó ti tì í padà sáyè rẹ̀.

"Kí lò ń wá nídìí yàrá mi?" Ó ti dé, báàgì ọjà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀."

Abo kan sàba lórí àwọn ẹyin náà kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró. Títí di òní, a kì í sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, bó bá sì ti jẹ́ pé oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á rí nǹkan burúkú sọ nípa mi. N kò tún sọ fún un ìgbà tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn; abẹ́ páànù ni wọ́n ṣì ń yé sí, ọjọ́ kan òun ló ń kó ẹyin, ọjọ́ kejì èmi. Mo ti rò pé ọjọ́ tí a sin ìyàwó mi la sin gbogbo ohun tó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kù lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà kò sì fẹ́ fojú rí mi. Bí mo bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí ìyàwó mi jẹ́ kó tó di tèmi, òun ló mọ̀ ọ́n, kò sì ní sọ, èmi náà kò ní béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, bó bá jẹ́ èmi ló kan láti kó ẹyin, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì roboto wà níbẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ tí n kò bá a. Mo máa ń fa ìlà tèmi sí ọ̀kan, mo máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí n tó bo páànù.