Eérú Tí Màámi Fi Ń Bo Iná

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé nílé ìyá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, iná kì í kú nílé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti dáná igi rí yóò rántí. Bí ọbẹ̀ alẹ́ bá ti jinná, Màámi á yọ igi, wọ́n á fi eérú bo ẹyin iná bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ. Láàárọ̀, èmi ni mo máa ń tú eérú náà, tí mo máa ń fẹ́ ẹ títí ojú mi á fi pọ́n, kí n tó fi àkàrà mu ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn ará ilé kejì á gbé àpáàdì wá fọnná lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí mo da omi sí ààrò, àwa la gbé àpáàdì lọ sílé wọn. Etí mi ni Ìyá àgbà fà títí a fi dé, wọ́n ní, "Ilé tí iná ẹ̀ bá kú, àlejò ò ní í yà síbẹ̀."

Lásìkò òtútù tó kọjá, Màámi wá kí wa ní Toronto. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró títí yìnyín á fi yọ́. Ilé àtijọ́ tí à ń gbé ní ààrò irin onígíláàsì kan tí wọ́n kì bọ inú ògiri pálọ̀, igi là ń kó sí i. Bí Màámi ṣe rí i, ojú wọn tàn.

"Àkàndé, ẹ̀yin náà ní ààrò?"

Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú iná. Bí mo bá fẹ́ kó eérú dànù, wọ́n á ní, "Fi í lẹ̀. Eérú laṣọ iná." Èmi náà gbà, ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Kò pẹ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Ó ń jó, kò móoru. Gíláàsì dúdú bí ìdí ìkòkò. Màámi ń wọ súẹ́tà lé súẹ́tà. Igi ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ó ń ṣe ṣììì, omi ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ra òmíràn, mo fi méjì lu ara wọn bí Ìyá àgbà ti máa ń ṣe, ó dún kòkò, ó gbẹ. Òtútù ò lọ. Mo yẹ ihò èéfín wò, kò dí. Mo nu fáànù tó ń fẹ́ ooru síta. Òtútù ò lọ.

Ọmọ mi obìnrin ní, "Grandma, just use the heater."

"Híítà yẹn ò ní ẹyin iná," ni Màámi dáhùn. "Kí ni mo fẹ́ fi eérú bò níbẹ̀?"

Wọ́n fara dà á títí, kí wọ́n tó ní, "Àkàndé, egungun ń dùn mí. Jẹ́ kí n máa lọ sílé." Yìnyín ṣì bo ìta nígbà tí mo sìn wọ́n lọ wọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó eérú, torí kò sẹ́ni tó ní kí n fi í lẹ̀ mọ́. Garawa kún. Nísàlẹ̀, nídìí ilẹ̀kùn ààrò, mo rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé; eérú ti dí wọn pa. Ààrò Ìsẹ́yìn gbayawu ni, ibi gbogbo ló ti ń mí. Àwọn ihò yẹn nìkan ni imú ti Toronto yìí. Mo dáná sí i. Kò pẹ́ tí mo fi bọ́ súẹ́tà.

Màámi pè mí lánàá. "Ṣé iná wa ò kú?"

"Kò kú, Mà."

"Ṣé o ń fi eérú bò ó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ?

Ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí òtútù bá ń mú ló ń wá sídìí iná wa. Níbí, ìgbà tí ẹni tí mo ń dáná fún lọ tán ni iná mi tó móoru.