Fèrèsé Tí Kò Tíì Lórúkọ

Ọ̀sán gangan ni ikú wọ ilé wa l'Áyèká. Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló ń wá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Abọ́sẹ̀dé ń ṣe. Ó so ẹ̀rọ mẹ́rin pọ̀ ní yàrá bàbá rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣírò bí odò yóò ṣe kún tó. Ó ní bí ilé olórogún ni: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí àwọn yòókù lè nawọ́ mú nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n sì fi tiwọn sí i. Bí fèrèsé bá ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kẹjọ láìkú, á sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ tuntun. Bó bá bi fèrèsé náà léèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ náà á jáde lójú ẹ̀rọ.

Àlàmú, olórí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, kò mọ ti odò. Ariwo ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru ló gbọ́, ó ní yàhúù ni. Òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wó ilẹ̀kùn. Wọ́n la kùmọ̀ mọ́ Abọ́sẹ̀dé lápá. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún bí igi gbígbẹ. Mo sáré sí i, wọ́n tì mí lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú.

"Orúkọ àwọn tí o lù ní jìbìtì dà?"

"Bọ̀dá Àlàmú, fèrèsé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn!"

"Pè wọ́n!"

Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ òsì tẹ ẹ̀rọ. Mildred jáde. Òkìkíolúwa. Joel. Àlàmú fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá a lẹ́yìn. "Ènìyàn mà ni wọ́n!"

"Orúkọ àwọn ọmọ mi ló fi sọ wọ́n!" ni mo ké.

"Ìyá àgbà, ẹ panu mọ́! Ó ku ọ̀kan."

Abọ́sẹ̀dé bi fèrèsé ìkẹyìn léèrè. Ojú ẹ̀rọ ṣófo.

"Èyí tó fi orúkọ pa mọ́, ibẹ̀ lowó wà!" Ó gbé àdá lé ọmọ mi lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

"Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i," ni Abọ́sẹ̀dé ń sunkún.

"Àlàmú!" ni mo pariwo. "Ọmọ tí ìyàwó rẹ bí lánàá, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ó wò mí. "A kò tíì kó o jáde."

"Ṣé olè ni ọmọ náà?"

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ọmọ yín ti di yàhúù nìyẹn!"

Àlàmú gbá a lẹ́nu, eyín fò yọ. Ó gbé àdá kúrò lọ́rùn ọmọ mi, ó fi ìtìjú rẹ̀ ṣá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi fọ́ yángá, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, tí orin ìkómọjáde ń dún nílé Àlàmú, Abọ́sẹ̀dé tí wọ́n di apá rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ. "Ìyá àgbà, kí la ó pè é?"

"Kúkọ̀yí," ni mo wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi fèrèsé náà léèrè orúkọ, ó ka ohun tó jáde sí mi létí: Kúkọ̀yí.