Okùn Inú Iṣu

Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìwádìí kan wà ní Mọ́níyà tí kì í mu tíì tí mò ń tà láìkọ́kọ́ ki gíláàsì tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà bọ̀ ọ́. Mo máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, ṣé ibà ti lọ lára tíì?”

Lọ́jọ́ kan, iná lọ níbi iṣẹ́ wọn, ló bá sáré gbé ìgò kékeré kan wá.

“Màmá, ẹ gbà mí! Okùn méjì tí ojú kò lè rí, tó ń lọ́ mọ́ra nínú iṣu, tó sì ń gbé ìran rẹ̀, ló wà níbí. Ooru ẹ̀rọ wa ti tú wọn kí iná tó lọ. Iyọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá rọra tutù nínú omi gbígbóná yín, wọ́n á tún lọ́ mọ́ra. Bí wọ́n bá yára tutù, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì ki ìgò náà bọ̀ ọ́.

Awakọ̀ kan dé. “Ìyá Onítíì, tíì mi dà?”

Mo ti tú gèlè mi wé ìkòkò kí ó má bàa yára tutù. “Ẹ lọ mu gààrí! Wọ́n ṣì ń wá ara wọn níbí.”