Ojú Ewé Ọpẹ́ Àbúrò Mi

Tí o bá ń wá ẹni tí mémoire ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá jù ní gbogbo ìlú Bouaké ní Ivory Coast, èmi ni. Ìwé ìwádìí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kí wọ́n tó gboyè, ti òfin o, ti ọrọ̀ ajé o, mo mọ gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tí mo kà nínú wọn ṣá. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ wọ́n, èmi kàn ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ ẹ̀yìn wọn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níwájú yunifásítì tí mo já kúrò nínú ẹ̀ lọ́dún kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín. Òórùn yíǹkì àti òróró ẹja ló ń bá mi délé lójoojúmọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé àwọn ò mọ̀ bóyá ẹnu iṣẹ́ lọmọ àwọn ti ń bọ̀ ni àbí inú agbada ẹja.

Ọdún tí àbúrò mi obìnrin parí tiẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó ti dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùkọ́, wọ́n ti yìn ín, ohun kan ṣoṣo ló kù: kó kó ẹ̀dà mẹ́ta mémoire ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní pe orúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ ìgboyè, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá wa ti ké sí gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà ní Marabadiassa ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó wà ní Botro ti fọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, wọ́n ti sá a.

Ìyá wa yìí kan náà ló dá wàhálà ọ̀hún sílẹ̀. Ojú ewé kan máa ń wà níwájú mémoire téèyàn fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Bí ìyá wa ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n jókòó ti àbúrò mi, wọ́n ń dárúkọ, ó ń kọ. Bàbá Marabadiassa, tó ra báàgì ilé ìwé fún un. Ìyá Botro, tó ń fi iṣu ránṣẹ́. Ìyá wa ní kó pa á rẹ́: "Ta ló dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì? Ṣé o fẹ́ da ilé rú ni?" Ó tún un tò. Ló bá kan àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò Belleville, ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú àdúrà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbọ́ sì ń yọjú fúnra wọn: "Ọmọ mi, wọ́n ní ò ń kọ orúkọ. Má gbàgbé mi o." Ojú ewé ọpẹ́ di mẹ́rin. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo lẹ̀ ẹ́, mi ò wo inú ẹ̀. Mo ṣáà ti sọ fún ọ pé èmi kì í kàwé.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, àbúrò mi padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Madame tó ń gbàwé lójú fèrèsé ọ́fíìsì ti ka ojú ewé ọpẹ́, ó kà á, kò tán, ló bá ti ìwé padà sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Ojú ewé kan péré lòfin wí. Ẹ̀yin Anago yìí, ṣé ẹ ò ní aládùúgbò kankan tí kì í ṣe ẹbí yín ni?" Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ṣebí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ńlẹ̀. Mo sọ lẹ́tà di kékeré títí ojú ewé mẹ́rin fi wọnú ẹyọ kan, a gun ọ̀kadà, ó di ojú fèrèsé. Madame wọ gíláàsì, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Èèrà ló bá yín kọ èyí?" Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wò mí, mo panu dé.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó pe ìyá wa lórí fóònù pé òun fẹ́ yọ àwọn kan kúrò. Ìyá wa ò pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. "Ta lo fẹ́ yọ? Dárúkọ ẹ̀ kí n gbọ́." Kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga rọ́bà, ó ń fa imú, aago mọ́kànlá sì ti kọjá.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi, tó ti ń sùn bọ̀ látọdún kejì yunifásítì, ta jí. Mo ní, "Ẹ̀dà mélòó ni wọ́n ń gbà?"

"Mẹ́ta."

"Ṣé wọ́n ní ká má tẹ ìkẹrin ni?"

Mo ní ká tẹ mẹ́ta fún ilé ìwé, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ̀, ìyá wa àti gbogbo ẹbí, ìlà kan péré. Ká wá tẹ ìkẹrin fún ilé, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká fi páálí tó dáa jù bò ó. Ó tún ìyá wa pè. Ìyá wa ní, "Èwo ló wá jẹ́ ojúlówó níbẹ̀?"

Mo gba fóònù. "Tilé ni, Màámi."

"Kí lẹ wá ń dúró ṣe?"

Gọ́ọ̀mù bó mi níka méjì, kò sì tíì gbẹ tán tá a fi dé ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀kẹta. Madame ka ìlà kan ṣoṣo yẹn, ó wo àbúrò mi. "Àwọn tó kù ńkọ́, wọ́n ti kú ni?" Ló bá lu ọ̀ǹtẹ̀.

Mo dúró, mò ń wo ọ̀ǹtẹ̀ yẹn. Fèrèsé yìí kan náà ni mo wá lọ́dún kejì mi, nígbà tí máàkì iṣẹ́ kan ò jáde. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ọ̀la ọ̀hún, mi ò tíì lọ dòní. Ohun tí mo wá ń sọ fáráyé ni pé yunifásítì ò gba irú ọpọlọ tèmi. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ tí mo máa fi padà lọ ló wọ́n mi. Mo máa ń rò pé àwọn tó ń gboyè gbọ́n jù mí lọ ni. Àbúrò mi gbọ́n jù mí lọ lóòótọ́, kò sírọ́ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀ǹtẹ̀ ju ọgbọ́n lọ: bí wọ́n bá lé e, á tún padà lọ.

Nígbà tí ìgboyè ku ọ̀la, yàrá àlejò wa kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí n ka ojú ewé ọpẹ́, kí n máa yí Faransé ẹ̀ sí Yorùbá. Bí mo bá ti dárúkọ ẹnì kan, á ní "Àmín," bí ẹni pé lemọ́mù ló ń ṣàdúrà. Bàbá Marabadiassa ní, "Tún tèmi kà, fóònù ni ò jẹ́ kí n gbọ́." Fóònù kankan ò dún. Mo tún un kà. Mò ń ṣí ìwé, mò ń retí tèmi, mo tiẹ̀ ti tún ọ̀fun ṣe dè é. Orúkọ obìnrin tó ń ta attiéké wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ síbi ìdánwò wà níbẹ̀. Mo dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹrin, ó tán.

Mo wọ yàrá lọ bá àbúrò mi níbi tó ti ń lọ aṣọ ìgboyè ẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́kadà wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lára áyọ́ọ̀nù.

"Bọ̀dá, ẹ ò bèèrè."