Iyán Ìyá Mi àti Ọlọ́pàá Tó Wá Fẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Èèyàn méjì ni ìyá mi kì í bá jiyàn láyé yìí: pásítọ̀ wa, àti bàbá ọlọ́pàá kan tó máa ń jáde nínú tẹlifíṣọ̀n wa ní Makera, ní Kàdúná, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tíì ní àwọ̀. Eré ni o. Wọ́n fi ọlọ́pàá tuntun kan sábẹ́ arúgbó tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, pé kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá Àgbà ni ìyá mi ń pe arúgbó náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tíṣà ni ìyá mi, ó máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ilé, á sì fi ìmọ̀ràn tí Ọ̀gá Àgbà kò sọ kún un. Èyí tó fẹ́ràn jù ni pé ọlọ́pàá tó bá wọ aṣọ ìjọba kò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ọlọ́pàá tòótọ́ kò fìwà jọ Ọ̀gá Àgbà. Lọ́dún kan tó ń kó iṣu bọ̀ láti ilé, níhà Kàbà, àwọn kan dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì ṣa àwọn tó tóbi jù lọ. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí ọlọ́pàá, iṣu rẹ̀ ló ń rántí. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe lọ fẹ́ràn ọlọ́pàá! Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná ni, ó ga gbọ̀ọ̀rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni.

"Haba! Dán-sándà? Ọlọ́pàá?" ni ìyá mi ké. "Wọ́n kó iṣu mi, wọ́n tún fẹ́ kó ọmọ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá mi, tí kì í fẹ́ wàhálà, bẹ ìyá mi títí ó fi gbà pé kí ọmọkùnrin náà wá lẹ́ẹ̀kan péré. Tí kò bá yege, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nílé òun mọ́.

Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sáwọn ọmọ ilé ìwé kó tó fún wọn ní ìdánwò. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi."

Pàkúté ni. Àna wo ló ń kọ oúnjẹ ìyá ìyàwó? Tó bá kọ̀ ọ́, ó ti pe ìyá mi lájẹ̀ẹ́ nìyẹn. Tó bá sì jẹ ẹ́ nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ iṣu ọjọ́sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń pa mí.

Ọmọkùnrin náà wo iyán, ó dá itọ́ mì. Ó kọjú sí bàbá mi.

"Baba, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi láṣọ. Iyán màmá ò ṣeé kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò gbà fún mi kí n jẹun nínú èyí."

"Ọ̀gá wo?" ni ìyá mi bi í.

"Bàbá kan ní àgọ́ wa ni, mà. Òun ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní tí ẹnì kan bá ti bọ́ mi nínú yunifọ́ọ̀mù, gbogbo ìlú ló máa fẹ́ bọ́ mi."

Ìyá mi yíjú wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi gbé búbá àti ṣòkòtò rẹ̀ jáde. Bàbá mi sì rèé, ó sanra! Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú, ó ń fi ọ̀tún jẹun, kò sì gbójú sókè títí àwo fi mọ́. Ìyá mi dìde, ó bu ẹran sí i, ó tún jókòó.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ yẹn kó bá àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ ìyàwó," ó wí. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Kó má sì wọ yunifọ́ọ̀mù o, torí màá gún iyán."